Ìwé àṣẹ tó wà lápò mi

"Mo ní ìwé àṣẹ o!" Ohun tí mo kọ́kọ́ pariwo nìyẹn nígbà tí àwọn panápaná ya wọ ọgbà mi, àfi bí ẹni pé ìwé lè paná. Ọ̀gá wọn gbà á, ó wo déètì orí rẹ̀, ó dá a padà fún mi láìsọ nǹkan kan. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé la wà.

Ẹ̀ka igi tó wó sẹ́yìnkùlé mi ni mo gé jọ tí mo fẹ́ sun. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìlú lọ gba ìwé iná, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́ dáná sun nǹkan níta. Ìlú kékeré ni tiwa: obìnrin kan ṣoṣo ló ń gba owó ilẹ̀, òun ló ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, òun náà ló ń kọ ìwé iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: Kí lẹ fẹ́ sun? Báwo ló ṣe ga tó? Ṣé ó jìnnà sílé? Omi ńkọ́? "Bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà," aago ni mò ń wò. Bí mo ṣe ń jáde ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, tòní nìkan nìyẹn o." Mo kàn mi orí.

Òjò ò jẹ́ kí n sun ún lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, oòrùn ràn, ilẹ̀ ṣì tutù, mo ní kò séwu. Mi ò mọ̀ pé wákàtí díẹ̀ báyìí ti tó fún oòrùn àti afẹ́fẹ́ láti gbẹ koríko tó ti kú, kódà kí abẹ́ rẹ̀ ṣì rin. Aago méjì ọ̀sán ni mo wá ṣáná sí i, ìgbà tí afẹ́fẹ́ máa ń le jù, tí ara nǹkan sì máa ń gbẹ jù.

Ewé kan gbéra tòun tiná, ó ń fò lẹ́lẹ́ bíi labalábá, ó bà sínú koríko lẹ́yìn ọgbà. Kí n tó sáré débẹ̀, ó ti fẹ̀ tó ẹní. Kí n tó gbé gárawá dé, ó ti tó yàrá. Aládùúgbò mi ló pe panápaná, kì í ṣe èmi. Òpó ọgbà mẹ́rin ló jó. Orí ló kó mi yọ.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé wọ́n máa ń wo bí afẹ́fẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó kọ ìwé yẹn, ìdí sì nìyẹn tí tàná ò fi wúlò fún òní. Ìwé náà ò sì gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó dáná.

Ní báyìí, mo máa ń ro ilẹ̀ yí òkìtì náà ká títí yóò fi ku erùpẹ̀ nìkan. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kó igi sí i. Ike àti pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ò sí níbẹ̀, torí èéfín wọn májèlé ni. Ẹ má da bẹntiróò sí i, ẹ jọ̀ọ́. Gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló ń gbiná, kí ẹ tó sún sẹ́yìn ó ti bú gbàmù. Mo ń tẹ panápaná láago kí n tó ṣáná, kí ẹni tó bá rí èéfín má baà kó wọn sáré lásán. Oúnjẹ ò sì lè gbé mi kúrò nídìí rẹ̀.

Pípa rẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹyin iná lè sùn sábẹ́ eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Mo máa ń da omi sí i, mo fi ṣọ́bìrì ro ó pọ̀, mo tún da omi sí i, títí n ó fi lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ tí kò ní gbóná. Bó bá ń kùn ṣìì, kò tíì kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún lọ bá obìnrin yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo dáhùn ìbéèrè rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo tiẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ wọn bí òkìtì náà ṣe jìnnà sílé. Ó wo ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ yìí ti pọ̀ jù." Òkìtì igi náà ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.