Ẹkẹ Tí A Mú Bọ́ Sínú Ìkòkò Aró

Ẹni tí ò bá tíì gbóòórùn aró rí, kó má wulẹ̀ bá mi jiyàn pé ilé aláró dùn ún gbé. Ó ń rùn o, ẹ̀yin ará! Ìyá tó bí bàbá mi, Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n, aláró pọ́ńbélé ni wọ́n, ẹ̀yìnkùlé wọn ni gbogbo ìkòkò ràgàjì yẹn wà, omi eérú ń jò tó tó tó nínú àwọn kan, ẹ̀lú ló wà nínú àwọn kan, ẹ̀lú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti mọ roboto, tí wọ́n ti sá gbẹ kí wọ́n tó wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú yẹn, á wá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á máa kan, á máa hó, àfi bíi pé nǹkan kú síbẹ̀. Láràárọ̀ wọ́n á kọ́kọ́ kí Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò kankan wò. Àwa ọmọdé ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Òfin ilé nìyẹn.

Létí odò Ọ̀ṣun ni abúlé wa wà, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Òṣogbo. Ayé FESTAC 77 lọ́hùn-ún là ń sọ yìí o, kò síná, kò sí tẹlifíṣọ̀n, rédíò tó gbọ́ràn ní gbogbo abúlé ò ju ti baálẹ̀ lọ. Eré wá pọ̀ lọ jàra. Ọmọ tí ò bá mọ lúwẹ̀ẹ́, wọn kì í kà á mọ́ èèyàn. Àwọn ọmọbìnrin á máa fò suwé, tóṣù bá lé, àlọ́ àti bojúbojú títí orun á fi gbé wa lọ. Ní ti òkòtó, ẹ má bi mí, tèmi kì í pẹ́ ṣubú, ọwọ́ mi ò gbà á.

Àmọ́ ẹkẹ! Ẹkẹ nìkan ni mo mọ̀. Tí omi bá ti fà lẹ́ẹ̀rùn, yanrìn á yọ létí odò, funfun báláú, ibẹ̀ la ti ń mú un, ẹnì kan á máa lu agolo mílíìkì, àwọn yòókù á pagbo. Òfin ẹ̀ ò le rárá, ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn. Ẹ̀yìn o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn.

Ọmọ ilé kejì wa kan wà nígbà náà, a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, ibi rédíò baálẹ̀ ló ti gbọ́ nípa Power Mike, oníjàkadì tí òkìkí ẹ̀ kàn nígbà yẹn, bó ṣe délé báyìí ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe òun lórúkọ tí bàbá òun sọ òun mọ́, Power Mike lòun ń jẹ́. Ìyá ẹ̀ alára á pè é jẹun, kò ní dáhùn, àfi tí wọ́n bá ní "Páwà". Èèyàn tínínrín o! Ẹ wo egungun àyà ẹ̀, ẹ lè kà á.

Ọjọ́ táà ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi ti bo gbogbo yanrìn, Ìyá Àgbà ti ru ẹrù àdìrẹ wọn lọ sọ́jà l'Óṣogbo. Èmi jókòó mi jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mò ń jẹ gúgúrú. Bí Power Mike ṣe yọ nìyẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tẹ̀ lé e, ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo ní mo lè dá òun. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló wá sọ ọ́. Kí n tó gbé gúgúrú mì, ó ti dì mọ́ mi níbàdí, agolo ti ń dún, àwọn ọmọbìnrin ti fi suwé sílẹ̀, tiwọn ni kí wọ́n ṣáà rí ìran wò.

Mo gbá a mú ní ìgbátí ṣòkòtò, ó fẹsẹ̀ kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo yọ ọ́, a yí bìrí, a tún yí bìrí, gbogbo bí a ṣe ń yí yẹn, ẹ̀yìn mi là ń yí lọ, èmi ò sì lójú lẹ́yìn. Mo ṣáà gbọ́ táwọn ọmọ pariwo "Ìkòkò!" Kí n tó wẹ̀yìn báyìí, jàbú! Ìdí ni mo fi lọ. Mo jókòó sínú ìkòkò aró Ìyá Àgbà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lókè, orí mi wà níta, Power Mike náà tàkìtì lé mi lórí kó tó ré bọ́ sílẹ̀.

Mo ní kí n dìde, kò ṣeé ṣe, mo ti há. Wọ́n fà mí lọ́wọ́, wọ́n fà mí lẹ́sẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ fà mí létí. Ara ti ń yún mi nínú omi eérú yẹn, ẹ ṣáà máa bá mi dúpẹ́ pé Ìyá Àgbà ò gbà láti lo kọ́sítíìkì táwọn aláró ìgbàlódé ń lò, à bá máa sọ̀rọ̀ mìíràn lónìí. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi tọjà dé.

Ìyá Àgbà ò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Wọ́n wo ìkòkò. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo ìkòkò. Èmi mọ ohun tí wọ́n ń rò, ìyá wọn ló fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ fún wọn, èmi, ọmọ ọmọ, wọ́n ní òmíràn bíi mélòó kan. Ìyàwó ilé kan ló gbà mí sílẹ̀, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ọmọ ni o!" Ni wọ́n bá mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ odó wá. Gbàá! Ìkòkò là sí wẹ́wẹ́, aró ṣàn gba àárín agbo, adìyẹ funfun ilé wa fẹsẹ̀ rìn kọjá nínú ẹ̀. Ìyá Àgbà ká ọwọ́ lérí, wọ́n ké tòò: "Oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi ni ẹ ti fọ́ tán!" Ẹ̀rín ló pa gbogbo ilé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tí Ọ̀ṣun ké nínú ìtàn nìyẹn, nígbà tí igi tí àwọn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn gé wó lu odò tó sì fọ́ ìkòkò aró òrìṣà, kí Òṣogbo tó di ìlú. Láròóyè tiẹ̀ rí ìlú dá sílẹ̀ nídìí tiẹ̀, èmi kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ìgbájú.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ó tán. Ẹni tó bá mọ̀ nípa aró á mọ̀ pé kì í jáde dúdú, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Bí mo ṣe jáde nìyẹn, mo wo ara mi, àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, mo ní háà, èyí ò burú, ọṣẹ á fọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ó ń yí padà o!" Láti ìbàdí dé orúnkún, mo ń dúdú lọ níwájú gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ò sì sún mọ́ mi mọ́. Wọ́n fi kànrìnkànrìn àti ọṣẹ dúdú bó mi títí, ara mi ló bó, aró dúró gbọn-in. Ọjọ́ Mọ́ńdè, tíṣà ní kí n bọ́ síwájú kíláàsì, wọ́n bi mí pé èló ni ọ̀pá kan.

Ìjà wá ku ti ta ló borí. Power Mike ní òun dá mi. Èmi ní irọ́ ni. A gbé ẹjọ́ lọ sábẹ́ igi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò, ọ̀ta wọn, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta jù, bàbá arúgbó kan tí kì í yéé fi òpè tí ò mọ̀ ọ́n ta ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ wọn ń já ọmọ ayò sílé, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Kí ló kan ìkòkò?" Mo ní ìdí mi ni, bàbá. Wọ́n ní, "Ìdí kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹ kúrò níwájú mi." Wọ́n kó mẹ́rin jẹ, ẹjọ́ ti parí.

Àfi lójú Power Mike. Bàbá àgbà ni báyìí o, ikùn ti yọ, egungun àyà ò hàn mọ́. Níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ n'Íbàdàn, ṣe ló gba máíkì níwájú àwọn àna, ó ní kí wọ́n wo ọkùnrin tóun dá sínú aró. Mo dìde pẹ̀lú agbádá mi, mo gba máíkì, mo ní ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi bi í, ìdí àti ẹ̀yìn, ṣé ọ̀kan náà ni? Onífújì ò jẹ́ n parí ẹ̀, ó ti gbé e: "Ìdí ò jẹ́ ẹ̀yìn o!" Gbogbo èrò ń gbè é, ìyàwó tuntun ń jó, owó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mi níwájú, Power Mike gan-an ló náwó fún mi jù.