Ìkòkò Tábà Bàbá Àgbà

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ Màmá Àgbà ní Ìṣéyìn. Bàbá Àgbà ló jókòó sínú rẹ̀ nínú agbádá òfì. Aago ọwọ́ yọ lábẹ́ apá agbádá bí ọmọ tó ń yọjú wo àlejò, rédíò ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkòkò tábà òyìnbó sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo kámẹ́rà bí ẹni pé kámẹ́rà jẹ ẹ́ lówó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń wo fọ́tò yìí, tí mo ń sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá dàgbà, báyìí gan-an ni màá ṣe rí.

Mo dàgbà, n kò rí bẹ́ẹ̀. Mo yọ ikùn, orí mi ń pá, àwọn ọlọ́kadà ṣì ń pè mí ní "bọ̀ọ̀dá". Nígbà tí ọjọ́ ìbí Màmá Àgbà ti ọdún 85 wá ń bọ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ tó kù ń jà lórí irú àǹkárá tí a máa rà, èmi ti pinnu tèmi. Màá wọ òfì, màá jókòó sórí àga Bàbá, màá gbé ìkòkò tábà sẹ́nu, kí wọ́n ya mí ní fọ́tò tí a máa gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Ìkòkò náà gan-an ṣì wà. Màmá rán mi pé kí n bá òun mú ìró kan nínú àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí i níbẹ̀, wọ́n fi àkísà wé e. Mo fi í sápò. Ẹ má pè é ní olè jíjà. Ogún ni.

Ìyàwó mi ní kí n kàn gbé e sẹ́nu lófìfo, kí wọ́n ya fọ́tò náà, kí n gbé e kalẹ̀. Mo wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹni tó bá gbé ìkòkò òfìfo sẹ́nu nítorí fọ́tò, òpùrọ́ ni. Bàbá Àgbà ò jẹ́ ṣe irú ẹ̀ láyé."

Ẹ̀rí mi sì wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ tábà ni Bàbá Àgbà. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn yóò mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí àwọn òyìnbó dá ilé-iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1933, tí wọ́n tún kọ́ òmíràn sí Ìbàdàn ní 1937, ewé ni wọ́n ń wá, ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa sì gba tábà dáadáa. Bàbá gbìn ín, ó já a, ó so ewé mọ́ ọ̀pá, ó fi ooru iná gbẹ ẹ́ nínú abà gíga títí ewé fi pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣé ẹni tó ń gbin iṣu kì í jẹ iṣu ni?

Òyìnbó onírùngbọ̀n kan lórí YouTube ni olùkọ́ mi. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti pásítọ̀ níbi ìsìnkú. Ó ní gbòǹgbò igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní briar, tó ń hù lágbègbè òkun Mẹditaréníà, ni wọ́n fi ń gbẹ́ irú ìkòkò yìí, nítorí pé iná kì í tètè jó o. Ó ní èyí tí wọ́n bá ti ń lò fún ọdún pípẹ́ máa ń ní èédú dúdú tó dì mọ́ inú rẹ̀. Mo yọjú wo inú ti Bàbá. Kò sí èédú kankan níbẹ̀. Ńṣe ló ń dán, tó ń yọ̀, bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á lára.

Mo ní, "Ẹ wo ọkùnrin onímọ̀ọ́tótó!"

Ó wá ku tábà. Irú èyí tí òyìnbó ń bù nínú agolo kò sí ládùúgbò wa, mo bá gba ọ̀dọ̀ ìyá alátábà kan lọ ní ọjà Bódìjà.

"Ẹ kú ọjà o, Mà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ìyá ẹ ló rán ẹ?"

"Rárá o, Mà. Èmi gan-an ni mo fẹ́ mu ún."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Àwọn ìyá arúgbó ló ń rà á lọ́wọ́ mi o. Lílọ̀ ni àbí ewé?"

Ti òyìnbó inú fídíò kúnná, kò jọ ewé mọ́. Mo dáhùn bí ẹni tó mọ̀ pé: "Lílọ̀."

Ó so ó sínú ọ̀rá kékeré fún mi. Mo délé, mo rọ ọ́ kún ìkòkò. Òyìnbó ní kéèyàn kọ́kọ́ fa ìkòkò náà láìtíì ṣáná sí i, kó lè mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fà á. Atẹ́gùn kọjá. Áṣáà náà bá a kọjá.

Ẹni tí kò bá mọ̀, áṣáà ni tábà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ káún, káún yẹn ló ń jẹ́ kó tètè wọ ara. Ìwọ̀nba tó lè dúró lórí èékánná ni àgbà ń fín. Èmi fa tó ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà ọ̀fun ni mo sì gbà á sí. Mo sín. Mo wúkọ́. Mo sín lórí ikọ́. Láti kíṣìnnì, ìyàwó mi ń sọ "Pẹ̀lẹ́" fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìkejìlá, ó dákẹ́, mo gbọ́ tó ń kà á. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì yọjú wò mí, ó sì lọ jíṣẹ́ pé, "Mọ́mì, Dádì ń fi imú sunkún."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá alátábà rẹ́rìn-ín títí ó fi lu ìyá oníkáún tó jókòó tì í lẹ́yìn. Ó fún mi ní ewé wàyí, dúdú, ó ká bí awọ bàtà tí òjò pa. (Tábà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wọ ọkọ̀ wá. Àmọ́ ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìkòkò tábà alámọ̀ nínú ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà kan, tábà Bàhíà láti Brazil ni àwọn ará etíkun, láti Ouidah dé Èkó, ń béèrè fún. Wọ́n á ká ewé rẹ̀ bí okùn, wọ́n á fi omi ìrèké sísè pa á lára títí á fi dùn. Ẹrú ni wọ́n ń fi í rà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ti ìyá yìí kò fojú kan omi ìrèké rí.)

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Kò sí iná, gbogbo ayálégbé wà níta. Mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi sísọ́ọ̀sì gé ewé wẹ́wẹ́. Òyìnbó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni kéèyàn di tábà sínú ìkòkò: àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ọmọdé, ìkejì pẹ̀lú ọwọ́ obìnrin, ìkẹta pẹ̀lú ọwọ́ ọkùnrin. Òyìnbó yìí kò tíì rí obìnrin tó ń gúnyán. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá bá mi ṣe ti obìnrin. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà sì dí pátápátá. Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi tú u, tí mo tún un dì.

Ìṣáná mẹ́sàn-án ló lọ sí i kí ó tó gbaná. Bó ṣe gbaná, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀, ṣẹ̀ẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá da àkàrà sínú epo. Mo rántí pé òyìnbó ní itọ́ máa ń mú ìkòkò dún. Mo ní itọ́ ni. Èéfín tó ń jáde ki bí ti gareéjì, ó sì pọ́n.

Òyìnbó tún ní èéfín kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu, pé láti inú ẹnu náà ni tábà ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, kéèyàn máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n iná fẹ́ kú, n kò sì fẹ́ ṣá ìṣáná ìkẹwàá. Ni mo bá ń fà á bí awakọ̀ tó ń fi ẹnu fa epo nínú táǹkì. Mo gbé e mì.

Ahọ́n mi ló kọ́kọ́ gbiná. Lẹ́yìn náà ni òsúkè dé, òsúkè tó ń gbé mi kúrò lórí àga. Òógùn tútù bò mí. Ilé tó kọjú sí tiwa rọra tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó dìde, ó tún tẹ̀. Mo gbọ́ ohùn láti òkè:

"Ta ló ń fagbó nínú ilé mi?"

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló sọ̀ kalẹ̀ yẹn, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ọwọ́ kan lórí ìró. Àwọn èèyàn ti ń péjọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ fọwọ́ lérí: "Háà, Bàbá Ìbejì! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

Mo fẹ́ sọ pé tábà ni. Òsúkè kò jẹ́ kí n kọjá "tá".

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù fa imú. Ó tún fà á. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Rárá o," ó ní, "èyí kì í ṣe igbó. Mo mọ òórùn igbó."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohùn ìyàwó rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kò dáhùn. Ìyá Ẹlẹ́kọ ló gbà á sílẹ̀, ó ti gbé imú sún mọ́ ìkòkò ọwọ́ mi. Ó ní, "Òrí! Òrí ló ń jó yìí. Òrí pẹ̀lú róòbù."

Mo ya ẹnu láti ṣàlàyé pé ogún bàbá mi ni. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀, sálúbàtà Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló sì balẹ̀ sí. Mo jẹ ẹ́ lówó ilé oṣù méjì lọ́jọ́ náà, ẹ fojú inú wò ó.

Wọ́n tẹ́ mi sórí ẹní, wọ́n fún mi ní omi ṣúgà mu. Ìyàwó mi pe Màmá Àgbà lórí fóònù, ó sì fi í sí ibi tí gbogbo adúgbò á ti gbọ́.

"Màmá, ọmọ yín fẹ́ kú o. Ìkòkò tábà Bàbá ló mu."

"Ìkòkò wo?"

"Èyí tó wà nínú àpótí, Mà."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà: "Àlàó! Ìwọ lo jí igi ìhọra mi!"

Mo fi ìgúnpá gbéra díẹ̀. "Igi kí ni, Mà?"

"Ìhọra! Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí ẹ̀yìn ń yún mi, tí mò ń wá a kiri!"

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Oní-fọ́tò kan ló wá sí ìlú, ó kó ẹrù rẹ̀ dání. Òun ló ni ìkòkò náà. Mo bi í pé rédíò ńkọ́. Ó ní ti oní-fọ́tò ni. Aago ọwọ́ ńkọ́? "Ti oní-fọ́tò ni. Agbádá nìkan ló jẹ́ ti bàbá ẹ, kò sì tíì san owó ìyẹn náà tán." Bàbá fẹ́ràn ìkòkò náà débi pé ó fi ewúrẹ́ kan gbà á.

"Ó wá ń mu ún, àbí?"

"Mu kí ni? Tábà? Bàbá ẹ? Òórùn inú abà yẹn ti tó o láyé yìí. Tí ẹnikẹ́ni bá fa sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dídìde ló ń dìde. Ọ̀pá ẹ̀ ló fi ń họ ẹ̀yìn. Inú ẹ̀ la ń po òrí sí, òun la fi ń pa orúnkún nígbà tí làkúrègbé bá dé. Láti ọjọ́ tó ti kú ni èmi náà ti ń lò ó."

Mo rò ó. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń họ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn àgbà méjì. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Mo tún bì, ìyàwó mi sì ti gbé abọ́ sílẹ̀ dè mí.

"Àlàó," ni Màmá ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ewé tó kù ńkọ́?"

"Ó wà ńlẹ̀, Mà."

"Má dà á nù o. Mú un bọ̀. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Ṣé ẹ̀yin ń mu tábà ni, Mà?"

"Kí lo rò pé mò ń ṣe lẹ́yìnkùlé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́? Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ pé wọ́n ń gbé èéfín mì?"

Fọ́tò kejì ti wà lára ògiri báyìí. Lọ́jọ́ náà, mo wọ òfì, mo jókòó sórí àga Bàbá, mo gbé ìkòkò òfìfo sẹ́nu. Kí oní-fọ́tò tó tẹ kámẹ́rà, Màmá ní kí n yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀yìn ń yún òun. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. "Níbẹ̀ yẹn. Apá òsì díẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀." Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Màmá Àgbà ló wà níwájú, gèlè rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ dì nínú ìgbádùn, ìkòkò alámọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu, èéfín ń jáde díẹ̀díẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọ̀pá ìkòkò Bàbá Àgbà bọ abẹ́ bùbá rẹ̀. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.