Ẹ Má Kọ "Zuba" Lásán: Kíkó Ìròyìn Ìjàm̀bá Ọkọ̀ Jọ Lẹ́nu Èrò l'Ábújá

"Ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ ní Zuba o!" Irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, nípa ìlú tó wà ní ìkóríta ọ̀nà lẹ́bàá Àbújá, kún inú gúrúùpù WhatsApp àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àbújá sí Ìlọrin. Ó wúlò fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà ti ń pa èèyàn kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọjà èso ni, àbí ọ̀nà Gwagwalada? Ọkọ̀ tó ń jáde nílùú ni, àbí èyí tó ń wọlé?

Fọ́ọ̀mù kékeré lórí KoboToolbox, irinṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ṣíṣe fọ́ọ̀mù àti kíkó ìdáhùn jọ, tó iṣẹ́ náà ṣe. KoboCollect, áàpù rẹ̀ orí fóònù, á gba ìròyìn sílẹ̀ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á sì fi ránṣẹ́ tó bá padà rí i. Ìbéèrè márùn-ún péré: níbo, nígbà wo, apá ibo ni ọkọ̀ ń lọ, irú ọkọ̀ wo, ṣé ẹnikẹ́ni farapa? Tó bá di mẹ́wàá, wọ́n á pa á tì. Ẹ má béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹjọ́ lásán lẹ máa kó jọ. Èrò ni kó kọ ọ́ o, kì í ṣe awakọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

"Níbo" ló ń dàrú jù. GPS fóònù lè fi bíi mítà 5 yẹ̀, kódà ní gbangba. Lójú ọ̀nà Kubwa, níbi tí ọ̀nà àárín àti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ti jọ ń lọ, ìyẹn tó láti gbé ìjàm̀bá bọ́ sójú ọ̀nà tí kò ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ èwo ni nínú méjèèjì. Ẹlòmíì á délé kó tó kọ ọ́, ilé rẹ̀ ni GPS á sì mú. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́ọ̀mù, ẹ fi ètò tí wọ́n ń pè ní placement-map sí ìbéèrè yẹn, kó lè fọwọ́ gbé àmì lọ síbi tó yẹ lórí máàpù.

Bí èrò bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín, ẹ rántí pé WhatsApp máa ń yọ àdírẹ́sì GPS kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, á wà níbẹ̀. Ẹ bo ojú èèyàn àti nọ́ńbà ọkọ̀: òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 wà nílẹ̀.

Tírélà kan ṣubú, ogún èèyàn ròyìn. Èyí tó bá wà láàárín mítà 300 àti wákàtí kan, tí apá tí ọkọ̀ ń lọ sì bára mu, ẹ so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo irú ọkọ̀, torí ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn tírélà lè bí ìjàm̀bá kejì. Ẹ má sì fi iye ìròyìn nìkan mọ ibi tó léwu jù: bí ti Nyanya, tí èrò pọ̀ sí, bá ju ti Yangoji, ìlú kékeré, lọ, ó lè jẹ́ pé fóònù ló pọ̀ níbẹ̀.

Iye òkú ńkọ́? Ẹ má fi sínú fọ́ọ̀mù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ẹni tó bá kú láàárín ọjọ́ 30 mọ́ ìjàm̀bá, èrò tó ń kọjá lọ kò sì lè mọ ìyẹn. Lábẹ́ ìbéèrè ẹni tó farapa, ẹ kàn béèrè bóyá wọ́n gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ìwòsàn, àti èwo.