Ìlẹ̀kẹ̀ Kékeré Nínú Ẹ̀kọ Gbígbóná

Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè so mọ́ ọrùn. Ìyẹ̀fun alginate, èyí tí wọ́n ń yọ lára ewéko inú òkun, ni mo máa ń pò mọ́ omi títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. N óò da bakitéríà aṣeniláǹfààní tí mo ti tọ́jú sínú ìgò ní yàrá ìwádìí pọ̀ mọ́ ọn, n óò fà á sínú sìrínjì, n óò sì máa kán an díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ omi tí èròjà kálíṣíọ̀mù ti yòrò sí. Bí ìkán kan bá ti bọ́ sínú omi náà, ara rẹ̀ yóò ti dì kí ó tó rì dé ìsàlẹ̀ abọ́. Bí a bá fi ìka méjì mú un, yóò máa yọ̀, yóò sì rọ̀ bí ẹyin ẹja, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà àìmọye wà láàyè nínú ẹyọ kan ṣoṣo.

Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé kí ènìyàn jẹ bakitéríà jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàyè sì jẹ́ ọ̀tọ̀. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ tí FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kó jọ sí ìlú Córdoba ní Ajẹntínà fẹnu kò pé kòkòrò àìfojúrí tí a bá máa pè ní probiotic gbọ́dọ̀ wà láàyè, kí iye rẹ̀ sì tó láti ṣe ara lóore. Iye tí àwọn tó ń ṣe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lépa ni 1,000,000 sí 10,000,000 nínú gíráàmù kan, ní àsìkò tí a ń jẹ ẹ́ gan-an, kì í ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kí oúnjẹ náà tó kúrò lórí àtẹ, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ti pa lára wọn. Bí èyí tó kù bá sì dé inú agbẹ̀du, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n ásíìdì, tó ń kéré bí ásíìdì bá ṣe ń le sí) máa ń wà láàárín 1.5 sí 3.5 bí ebi bá wà nínú, ásíìdì ibẹ̀ kì í bójú wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni alginate ti wúlò. Kálíṣíọ̀mù ló so àwọn fọ́nrán rẹ̀ pọ̀. Nínú ásíìdì, fọ́nrán wọ̀nyẹn yóò túbọ̀ sún mọ́ ara wọn, ìlẹ̀kẹ̀ yóò súnkì, yóò sì le. Nígbà tó bá dé ìfun kékeré, níbi tí ásíìdì ti rọlẹ̀, kálíṣíọ̀mù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára rẹ̀, yóò wú, yóò tú, àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò sì jáde. Ohun èlò ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ń pe irú nǹkan báyìí. Orúkọ náà tóbi lójú mi, nítorí ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ti ọmọ tí a rán níṣẹ́ lọ, tí kò tú ẹrù wò lójú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ pé pérépéré: ihò tín-ín-tín pọ̀ lára ìlẹ̀kẹ̀ náà tí ásíìdì lè gbà wọlé, èyí ló fà á tí a fi ń fi chitosan, tí wọ́n ń rí lára karawun akàn àti edé, bò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìkòkò. Púpọ̀ nínú ìwádìí tí mo ń kà ló dá lórí yógọ́ọ̀tì, wàràkàṣì àti omi èso, àwọn oúnjẹ tí ń bẹ nínú fíríìjì. Ẹ̀kọ ni a fi tọ́ èmi dàgbà. Nígbà tí ògì bá ń kan, Lactobacillus plantarum, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Lactiplantibacillus plantarum ní 2020, máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ yanturu. A ó wá gbé e kaná, a ó rò ó títí yóò fi jinná, gbogbo wọn a sì kú. Omidùn tí a kò sè, èyí tí àwọn àgbà fi ń rẹ egbòogi, ni wọ́n ti ń yè é.

Ní ti fítámì àti irin, a ti rí ọ̀nà gbà. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tí Robert Langer àti Ana Jaklenec wà lára wọn, fi pólímà kan (èròjà tí ẹyọ rẹ̀ so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n) tí wọ́n ń pè ní BMC bo èròjà aṣaralóore 11, lára wọn ni fítámì A àti irin. Iṣẹ́ tirẹ̀ lòdì sí ti alginate: omi kì í tú u, bí omi náà tilẹ̀ hó fún wákàtí méjì, ásíìdì inú agbẹ̀du ló ń tú u. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò lára àwọn obìnrin ní Switzerland. Irin tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà àkọ́kọ́ yẹn kéré ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún un pò, wọ́n fi èyí tuntun sínú búrẹ́dì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin tí a kò bò dọ́gba.

Ṣé a kò wá lè fi irú pólímà bẹ́ẹ̀ bo bakitéríà tèmi kí n sì dà á sínú ìkòkò? Mo béèrè bẹ́ẹ̀, olùkọ́ mi sì rẹ́rìn-ín. Ìbòjú lè dínà fún omi, atẹ́gùn àti ásíìdì, ṣùgbọ́n ooru kì í kan ilẹ̀kùn. A lè fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín dáadáa kí omi má kán sí i rárá, síbẹ̀ yóò jinná.

Àwọn bakitéríà kan wà tí ó ń ran ìbòjú ti ara wọn. Bacillus subtilis, tí ó ń sọ igbá sísè di irú, máa ń ká ara rẹ̀ kò sínú kókó líle bí ilẹ̀ bá le mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ sì máa ń la ọbẹ̀ híhó já. Èyí kò sọ gbogbo irú inú agbọ̀n ọjà di probiotic, nítorí a gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀yà pàtó, kí ìwádìí sì fi oore tí ó ń ṣe hàn. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀, Bacillus coagulans, ni àwọn kan ti ń fi sínú oúnjẹ tí a ń yan àti ohun mímu gbígbóná lókè òkun, fún ìdí kókó yẹn kan náà.

Ní báyìí, mo ti gbà pé ẹ̀yìn tí ẹ̀kọ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a lè fi fún ọmọ mu, ni kí á ro ìlẹ̀kẹ̀ tèmi mọ́ ọn. Mo ṣe díẹ̀ nílé pẹ̀lú alginate tí a fi ń ṣe oúnjẹ, láìsí bakitéríà kankan nínú rẹ̀, mo sì bu ife kan fún ìyá mi. Wọ́n mu ẹnu méjì, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n sì fi ahọ́n wá ẹyọ kan jáde sí àtẹ́lẹwọ́.

“Ta ló da iyanrìn sínú ẹ̀kọ?”

Ìkán sìrínjì tóbi jù. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo ti ń wá bí n óò ṣe máa fọ́n ọn bí ìrì dípò kí n máa kán an, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè kéré dé ibi tí ahọ́n ìyá mi kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.