Ẹ bi mí níbi tí sáfà wà

Nínú gbogbo oníṣòwò tó ti gbé iṣẹ́ sáìtì fún mi ní Àjàṣẹ́ níbí, kò tíì sí ẹyọ kan tó kọ́kọ́ bi mí pé ibo ni sáfà, ẹ̀rọ tí sáìtì ń gbé lórí rẹ̀, máa wà. Àwọ̀ ni wọ́n máa ń béèrè. Wọ́n á ní kí fọ́tò máa sáré kọjá lókè, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù máa tàn yinrin, kí bọ́tìnnì WhatsApp tóbi. Tí mo bá dárúkọ hosting, ìyẹn àyè tá a ń háyà fún sáìtì lórí sáfà, wọ́n á ní, "Èyí tó bá dínwó jù ni kó o wá fún mi." Mi ò bá wọn jà, owó ṣòro. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí sáìtì Tántí kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wàndó, torí owó tó ń jò níbẹ̀ pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rí i.

Tántí ń ta léèsì, gíní àti àǹkárá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, ní Kútọ̀nù, ní Sákété àti Pòbẹ́, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Paris náà sì máa ń sanwó aṣọ fún ìyá wọn láti ọ̀hún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ló bá a fi WordPress, tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, àti WooCommerce, tó ń sọ ọ́ di ìsọ̀, ṣe sáìtì náà, iṣẹ́ ọmọ náà sì mọ́, mi ò ní parọ́. Hosting tí wọ́n gbé e sí ń gba 15,000 CFA lọ́dún. Gàdàgbà ni ẹni tó tà á fún wọn kọ "cloud" sórí ìwé owó, àfi bíi pé ìyẹn nìkan ti tó láti mú sáìtì sáré.

Ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ mọ bí ìlú ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn télọ̀ á ti máa lé èèyàn. Ẹbí á fẹ́ aṣọ kan náà, wọn ò sì ní fẹnu kò lórí àwọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn ìrun alẹ́, tí kálukú ti ti ìsọ̀, tó jókòó, tó ra forfait íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣí sáìtì Tántí. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ni ọ̀pọ̀ ọ́dà rẹ̀ ń wọlé. Àsìkò yẹn gan-an sì ni sáìtì máa ń dákú.

Ó pè mí. "Ọkọ mi, jọ̀ọ́ wá bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ń bi mí lórí WhatsApp bóyá mo ti kógbá wọlé."

"Ẹ má bínú, Tántí. Lálẹ́ ni màá wá. Tí n bá wá lọ́sàn-án, mi ò ní rí nǹkan kan."

Mi ò lo kọ̀ǹpútà mi. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi fóònù tirẹ̀ ṣí i, Android kékeré tí gíláàsì rẹ̀ ti là, torí irú rẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń rajà. Ojú ewé funfun báláú. Ìlà búlúù tín-ín-rín kan rìn dé àárín lókè, ó dúró. Ọmọ náà ti padà sórí WhatsApp kí léèsì àkọ́kọ́ tó yọjú. Kò bínú, kò ráhùn, ó kàn lọ ni. Mo ní kí Tántí wò ó dáadáa, pé bí oníbàárà rẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí kọ̀ǹpútà, mo wọ ibi tí Chrome ti ń ka ìṣẹ́jú, tí wọ́n ń pè ní Network. Fọ́tò kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti dín wọn kù dáadáa. Ojú ewé fúnra rẹ̀ ni, kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ọ̀dọ̀ sáfà dé. Google ní kí ìdúró yẹn má ju 0.8 sẹ́kọ́ǹdì lọ, kí ohun tó tóbi jù lójú ewé sì ti jáde láàárín 2.5. Sáìtì Tántí, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lo sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìdí méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni pé sáfà wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Nínú wáyà fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń rìn tó 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ó yára lóòótọ́, àmọ́ kì í gba ọ̀nà tààrà. Láti Àjàṣẹ́ ó máa dé Kútọ̀nù, á wọ inú òkun, á gòkè lọ sí Yúróòpù, á tún la Àtìláńtíìkì kọjá, kó tó la Amẹ́ríkà já láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, àlọ àti àbọ̀ kan ń gba nǹkan bí 250 mílísẹ́kọ́ǹdì. Fóònù ò sì lè béèrè ojú ewé lẹ́ẹ̀kan náà: ó máa kọ́kọ́ kí sáfà, wọ́n á jọ fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n á fi ti ọ̀rọ̀ wọn pa, kó tó wá béèrè ohun tó fẹ́. Àlọ àti àbọ̀ mẹ́ta nìyẹn, 750 mílísẹ́kọ́ǹdì, sáfà ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sí Paris, ọ̀kan ń gbà tó 100, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta 300.

Èyí nìkan ò lè pa sáìtì. Èrò ló pa á. Nínú irú hosting olówó pọ́ọ́kú yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sáìtì ló ń gbé orí ẹ̀rọ kan, bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí kànga rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan: bí ẹnì kan bá ń ṣe ìnáwó, gbogbo ilé ni kò ní rómi fà. WooCommerce sì máa ń pọnmi gan-an. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú ewé, á bi àkójọ dátà ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè: èló ni léèsì yìí, ó ku mélòó, ta ni ẹni yìí, kí ló wà nínú agbọ̀n rẹ̀. A lè ya ẹ̀dà ojú ewé léèsì sílẹ̀, kó jẹ́ òun la ó máa gbé fún gbogbo èèyàn, sáfà ò sì ní máa ro ó lákọ̀tun. Ojú ewé agbọ̀n àti ti ìsanwó ò ṣeé yà sílẹ̀, torí agbọ̀n tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Ìyẹn ni pé ibi tí owó wà gan-an ni sáfà tí kò lágbára ti ń já èèyàn kulẹ̀.

Ẹ má sì rò pé orúkọ ńlá ló ń yanjú ẹ̀. Ẹ̀rọ t3.micro ti Amazon, sáfà kékeré tí wọ́n ń háyà fúnni, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ni ìpín tó lè máa lò lọ láìsinmi. Tó bá lò jù bẹ́ẹ̀, inú kírẹ́dítì tó ti kó jọ ló ń jẹ. Tí kírẹ́dítì bá tán, yálà kó falẹ̀ tàbí kó máa ka owó lé yín lórí, bí ẹ bá ṣe tò ó. Ọjọ́ ọjà lásán, ẹ ò ní mọ̀. Ọ̀sẹ̀ Iléyá lẹ máa mọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ṣírò owó tí ìfàsẹ́yìn ń jẹ. Marissa Mayer, tó wà ní Google nígbà náà, sọ ọ́ ní 2006 pé àwọn èèyàn ní àwọn fẹ́ kí èsì ìwádìí pọ̀ sí i lójú ewé. Wọ́n fún wọn ní 30 dípò 10, ojú ewé fi ìdajì sẹ́kọ́ǹdì falẹ̀, ìwádìí sì fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Vodafone, ilé-iṣẹ́ fóònù, náà dán an wò ní Ítálì, wọ́n sì gbé e jáde ní 2021: ojú ewé méjì tó jọ ara wọn, ọ̀kan fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún yára sí i, títà rẹ̀ sì fi ìdá 8 ju ti èkejì lọ. Ọjà ò yí padà, iye ò yí padà.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ tún fi ọ̀rọ̀ méga kún un. Àwa la ń ra íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ra iyọ̀. Ẹ rántí 2018, nígbà tí ìjọba ní ká máa san 5 CFA lórí méga kọ̀ọ̀kan tá a bá fi wọ Facebook àti WhatsApp. Ariwo tó sọ ò jẹ́ kó pẹ́, oṣù kẹsàn-án yẹn náà ni wọ́n fagi lé e. Ìlú tó lè pariwo báyẹn nítorí 5 CFA, ṣé ẹ rò pé á jókòó ti ojú ewé tó ń yí bìrìpé?

Ibi tó dùn mí jù ni ti MoMo, owó orí fóònù. Oníbàárà tẹ bọ́tìnnì ìsanwó. Àpótí kékeré yọ lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ kóòdù àṣírí, owó kúrò, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Lójú tirẹ̀, ọjà ti parí. Sáìtì ò tíì mọ̀ ní tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó dúró láàárín, tó ń gba owó fún wa, gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn sáfà Tántí kó sọ fún un pé owó ọ́dà báyìí báyìí ti wọlé. Wọn kì í dúró títí. Tí sáfà ò bá dáhùn láàárín ìwọ̀nba sẹ́kọ́ǹdì, wọ́n á lọ, wọ́n á padà wá tó bá yá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, "En attente de paiement", pé wọ́n ṣì ń retí owó, ni oníbàárà ń rí. Owó ti lọ, sáìtì ní òun ò rówó. Kí ló máa ṣe? Á tún un san!

Ẹ wo Tántí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kàyé ìṣirò rẹ̀ wà lórí itan, fóònù méjì wà níwájú rẹ̀, ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo wé ọ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bírò búlúù fà á. Ẹni báyìí san ẹ̀ẹ̀kan, ọ́dà ò sí. Ẹni báyìí san ẹ̀ẹ̀mejì, ọ́dà kan ló wà. Ẹni tó sanwó lẹ́ẹ̀mejì ò mọ sáfà, kò mọ Amẹ́ríkà, Tántí ló mọ̀, òun náà ló máa pè ní olè. Owó tó ń dá padà, òun ló tún ń san owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé hosting 15,000 CFA dínwó, kó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàyé yẹn.

Ohun tá a ṣe ò pọ̀. A gbé sáìtì lọ sórí sáfà kékeré kan tó dá dúró ní Paris, 5 yúrò lóṣù. CFA so mọ́ yúrò ní 655.957, nítorí náà 3,280 CFA lóṣù nìyẹn, nǹkan bí 39,360 lọ́dún. Àfikún rẹ̀ lórí ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 24,360. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́ fún Tántí. Ó ní, "Ìyẹn ò ra léèsì gidi kan. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣe é." Mo ya ẹ̀dà àwọn ojú ewé ọjà sílẹ̀. Mo tún iṣẹ́ MoMo tò: bí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn, sáfà á kọ́kọ́ dáhùn pé "mo gbọ́", kó tó máa ṣe ìyókù lábẹ́lẹ̀. Ọ́dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹyọ kan, tẹ́ni tó fẹ́ tún un san bá tẹ bọ́tìnnì, sáìtì á kọ́kọ́ lọ béèrè bóyá owó ti wọlé.

Fọ́tò, mo gba Cloudflare ọ̀fẹ́ kọjá, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà nǹkan sí sáfà ní ọ̀pọ̀ ìlú, kó lè máa ti ibi tó sún mọ́ wa wá. Ẹ wo ìyanu. Nínú ìdáhùn tó ń fi ránṣẹ́, ìlà kan wà tó ń jẹ́ CF-Ray, lẹ́tà mẹ́ta ìparí rẹ̀ ni kóòdù pápákọ̀ òfurufú ìlú tí fọ́tò ti wá. Lórí káàdì síìmù kan, LOS, Èkó nìyẹn. Mo yọ ọ́, mo ki èkejì bọ̀ ọ́, CDG jáde: Paris! Èkó ò pé 120 kìlómítà síbi tí mo jókòó sí. Bí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe so okùn wọn pọ̀ ló fà á, kò sì sí ohun tí èmi tàbí Tántí lè ṣe sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà la ò lè ṣe nǹkan kan sí wáyà inú òkun. Ní 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bà jẹ́ lójú omi nítòsí Abidjan, ACE àti SAT-3 tó gúnlẹ̀ sí Kútọ̀nù wà lára wọn. Sáfà Paris, sáfà Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló dọ́gba lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fóònù Tántí fi wà lórí páálí gbogbo aṣọ tó bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀dà sáìtì, mo ń tọ́jú rẹ̀ sí ìlú mìíràn pátápátá, torí nígbà tí iná jó ilé sáfà OVH ní Strasbourg ní 10 oṣù kẹta 2021, àwọn kan wà tí ẹ̀dà wọn wà nínú ọgbà kan náà.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́wàá alẹ́, fóònù ọmọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, kò gba sẹ́kọ́ǹdì kan. Ìsanwó ẹlẹ́ẹ̀mejì ò tán pátápátá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa já, ṣùgbọ́n Tántí ò tún kó kàyé lé itan láàárọ̀ mọ́. Ojú ewé agbọ̀n ṣì wúwo ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo fura sí plugin (àfikún kékeré tí wọ́n so mọ́ sáìtì) ìṣirò owó ìfiránṣẹ́ kan, mo ṣì ń bá a fà á.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n dán sáìtì tirẹ̀ wò, kó fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó sì sọ aago tí ọjà rẹ̀ máa ń yá jù. Aago yẹn ni màá ṣí i, lórí fóònù, pẹ̀lú forfait.