Àyẹ̀wò ọdún: Carthage ò tíì ṣubú

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọọdún ni mo máa ń jókòó kọ ohun tójú mi rí látoṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ibi tí mo lọ, gbèsè tí mo san àtèyí tí mo ń sá fún. Tọdún yìí, mo gbìyànjú àtirántí oṣù kẹta, kò sí. Oṣù kẹrin ńkọ́? Wọ́n ní mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ọ̀ṣogbo, fọ́tò mi wà níbẹ̀ tòun ti fìlà, àmọ́ mo mọ ohun tó wà lábẹ́ fìlà yẹn lọ́jọ́ náà: mo ń ṣírò iye ọkọ̀ ojú omi tó lè gúnlẹ̀ sí Cape Bon ní Àríwá Áfíríkà kílẹ̀ tó ṣú. Géèmù kan tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń yí ìtàn Róòmù àtijọ́ padà ló jẹ ọdún mi mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án, grúùpù Discord kan, àti àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibi tí a ti máa yí ìtàn Róòmù padà. Àwọn kan fẹ́ Adrianople, ọdún 378, kí Valens ọba Róòmù má kú sójú ogun. Àwọn kan ní ká gba Majorian ọba sílẹ̀ lọ́wọ́ Ricimer, balógun tó pa á ní 461. Bọ̀ọ̀dá Geiseric (ẹ̀gbọ́n wa tó wá mú ipò Geiseric nínú géèmù náà, a ò tíì máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn) kàn ń wò wá, ìgbà tó sú wọn ni wọ́n tẹ ìlà kan ṣoṣo: "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tówó wà."

Carthage, ìlú ńlá kan ní Àríwá Áfíríkà, lówó wà. Látìgbà tí Geiseric, ọba ẹ̀yà Vandal, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti gba ìlú yẹn lọ́wọ́ Róòmù ní 439, àlìkámà tí Róòmù ń jẹ, òróró, àtowó orí tí wọ́n fi ń sanwó sójà, gbogbo ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Sójà tí ò sì rówó gbà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tó máa ń já sí. Ní 468 ni Leo, ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn ní Constantinople, kó ohun tó ní jọ, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi lé ní ẹgbẹ̀rún kan, Procopius òpìtàn ní wúrà tí wọ́n ná sórí ẹ̀ tó 130,000 pọ́n-ùn, ló bá gbé gbogbo ẹ̀ lé Basiliscus lọ́wọ́. Kí ló dé? Àna ẹ̀ ni. Ọmọ ìyá ìyàwó ẹ̀. Ọkùnrin yìí gúnlẹ̀ sí Cape Bon, Carthage ò jìnnà mọ́, ká ní ó kọjú síbẹ̀ lọ́wọ́ kan ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Geiseric ránṣẹ́ sí i pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún kí n fi ronú. Ó gbà fún un! Afẹ́fẹ́ ni Geiseric ń dúró dè, afẹ́fẹ́ sì yí, ó tiná bọ àwọn ọkọ̀ òfìfo, ó tú wọn sílẹ̀ sáàárín ọkọ̀ Róòmù tó fún mọ́ra wọn bíi dáńfó ní páàkì. Balógun kan tó ń jẹ́ John wà níbẹ̀, ọmọ Geiseric ń pariwo sí i pé kó jọ̀wọ́ ara ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án, ó bẹ́ sómi tòun tìhámọ́ra. Basiliscus ní tiẹ̀ sá délé, ó lọ forí pamọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì Hagia Sophia.

Ibi tí ìtàn tiwa ti yà nìyẹn. Nínú tiwa, John fa Basiliscus láṣọ, ó ní kò gbọdọ̀ fún ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ kankan, Basiliscus sì gbọ́. Ó parí. Ìyókù dọwọ́ wa.

Mo kọ òfin géèmù náà di ojú ewé 41. Ẹnì kan ṣoṣo ló kà á tán, ẹni náà ló sì bá mi jà. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá pè: "Àbúrò, ojú ewé kẹtàdínlógún, àwọn sójà ẹ ń jẹ ọbẹ̀ ata. Ata wo? Amẹ́ríkà ni ata ti wá, wọn ò sì tíì bí Columbus."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò bínú, ebi ló ń pa mí."

Mo yọ ata, mo yọ tòmátò, mo yọ àgbàdo tí mo ti gbìn káàkiri Áfíríkà ti Róòmù, mo wá fi garum sí i, ìyẹn omi ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n fi sóòrùn títí tó fi ń rùn. Bọ̀ọ̀dá ní irú nìyẹn, ẹni tó bá jẹ irú dàgbà lè gbé Róòmù dáadáa.

Àwọn náà ni wọ́n ya máàpù. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi bírò yà á sí, Cape Bon yọ bí àtàǹpàkò tó nà sí Sicily, Carthage wà lódìkejì omi, ọfà kéékèèké ń fi afẹ́fẹ́ hàn, àbàwọ́n epo pupa kan sì wà lórí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sardinia tí wọ́n ní ká kà sí erékùṣù tuntun. Lórí afẹ́fẹ́ yẹn, a jà fún ọjọ́ mẹ́rin. Èmi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kí n mọ ọjọ́ tó máa fẹ́ àti ibi tó máa fẹ́ sí. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti alákòóso géèmù, ìyẹn èmi, ká da dáìsì. Wọ́n borí.

Ẹni tó ń gbé Manchester nínú wa ní tiẹ̀ mú ipò Ricimer, inú ẹ̀ sì dùn jù. Ricimer fẹ́ ọmọ Anthemius, ọba Róòmù ti ìwọ̀-oòrùn, ní 467, ó wá kógun ti bàbá ìyàwó ẹ̀ mọ́nú Róòmù títí wọ́n fi pa á ní 472. Mo ní ṣó máa fi àna ẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀ nínú tiwa, ó ní òun ò lè ṣèlérí.

Oṣù kẹjọ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ti fi àṣẹ ìkọ̀kọ̀ wọn, ìyẹn ohun tí kálukú fẹ́ ṣe nínú géèmù, ránṣẹ́ sí mi àfi Bọ̀ọ̀dá. Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí grúùpù pé, "Ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún. Mo fẹ́ lọ rí dókítà." Ẹ ò rí ariwo! "Basiliscus, má gbà o!" "Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń dúró dè!" Ti Manchester fi sítíkà ọkọ̀ tó ń jóná ránṣẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí, mo wá dáhùn bí ọba: a gbọ́, a yọ̀ǹda.

Ọjọ́ kẹfà ni ọmọ wọn obìnrin pè mí.

Mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi, ẹ ṣeun, ẹni tó gbé ìrẹsì wá, kúlà ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo ti ń fi gbé omi. Ohun tí mi ò tíì sọ fẹ́nì kankan ni pé mo ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, ọjọ́ márùn-ún ni mo rí, mi ò rí dókítà. Ó dáa náà. Procopius ní àwọn kan ń sọ pé Basiliscus gbowó ẹ̀yìn ni, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò gba kọ́bọ̀, ẹ wá wo àkáǹtì mi kẹ́ ẹ bá mi sunkún.

Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, ẹ máa mú un lọ. Grúùpù dákẹ́. Iṣẹ́ ò lé mi, àwọn ìbejì wọ kíláàsì tuntun, mo dúpẹ́. Ìyá Ìbejì tó fi gbogbo ọdún bú Róòmù ló wá bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bàbá Ìbejì, àwọn èèyàn yín yẹn ńkọ́? Ẹ ò pariwo mọ́." Mo ní wọ́n wà. Ó bu ọbẹ̀ kún tèmi, ọbẹ̀ ata ni o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ wọn fi fọ́tò ìwé kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní inú Bíbélì wọn lòun ti rí i, àwọn orúkọ tí òun ò lè pè ló kún inú ẹ̀, òun wò ó pé tèmi ni. Fọ́tò náà ṣì rí bàìbàì, ọfà wà láàárín ẹ̀ tó yẹ kí n tẹ̀ kó tó lè ṣí. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Data wọ́n. Yàtọ̀ síyẹn, ojú ewé kẹfà nínú òfin sọ pé alákòóso ò gbọdọ̀ ṣí àṣẹ ẹnikẹ́ni kọ́jọ́ géèmù tó pé, èmi sì ni mo kọ ọ́.

Sátidé kejì nínú oṣù kìíní la fi sí, aago mẹ́jọ alẹ́, tíná bá wà. Kò sẹ́ni tó tíì gba ipò Geiseric. Ti Manchester béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó pa á rẹ́ kí n tó dáhùn. Mo ti ra dáìsì tuntun fún afẹ́fẹ́, ọ̀kan pupa, òun nìkan ló kù lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta lúdò. Tó bá di aago mẹ́jọ, màá tẹ ọfà yẹn níṣojú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ni màá da dáìsì.