Kúùbù mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra IT, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe, sílì COREN mi, èdìdì àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti fi yangàn tó nílé. Àmọ́ lánàá, ní sáìtì wa ní Idu l'Abuja, mo bá ọmọ IT kan lábẹ́ igi máńgòrò tó ń kọ lógbúùkù, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ẹnu mi wúwo.

Ẹ ti mọ̀ nípa oṣù mẹ́fà SIWES, ètò IT náà, àti Form 8, fọ́ọ̀mù ìparí rẹ̀, tó ń lọ sí ITF, àjọ tó ń bójú tó o. Èkínní, ẹ ra bàtà sáìtì gidi. Ìṣó kì í mọ ọmọ yunifásítì. Èkejì, ẹ kọ́ Haúsá díẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta... ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Gwarinpa, l'Abuja náà, ni mo ti ṣe tèmi, oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ń jà. Ọ̀gá fi kúùbù kọnkéré mẹ́sàn-án lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n bù nínú kọnkéré dẹ́kìn wa, 150 mm ní ìhà gbogbo. Inú omi dírọ́ọ̀mù ló gbọ́dọ̀ wà títí tí a ó fi gbé e lọ fọ́ láti mọ agbára rẹ̀, mẹ́ta lọ́jọ́ 7, ìyókù lọ́jọ́ 28. Lẹ́yìn tí a fọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn bírìkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi dírọ́ọ̀mù náà po sìmẹ́ǹtì. Mo rí wọn. Ojú ń tì mí láti bá àgbà sọ̀rọ̀, foonu sì dùn lọ́wọ́ mi. Mẹ́fà tó kù gbẹ, wọ́n funfun bí ẹfun. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́ sínú lógbúùkù mi pé, "Kúùbù wà nínú omi."

Ọjọ́ 28 pé. A ń retí agbára 25 N/mm², 14 la rí. Ọ̀gá wò mí. Mo ní mai ruwa, bàbá tó ń ta omi fún wa, ni kì í gbé omi wá.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé bàbá náà. Ó dúró ti ọmọlanke rẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní Haúsá, "ruwa" nìkan ni mo gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé hámà Schmidt, irinṣẹ́ tó ń wọn agbára kọnkéré láìfọ́ ọ, wá dán dẹ́kìn fúnra rẹ̀ wò. Kò sóhun tó ṣe é. Bàbá yẹn ló ń wọ́n omi sí i láràárọ̀, kí gbogbo wa tó dé. Mi ò jẹ́wọ́. Lẹ́kítọ̀rọ̀ tó wá bẹ̀ mí wò kò sọ̀ nínú mọ́tò, ojú fèrèsé ló ti buwọ́ lu lógbúùkù mi. Máàkì A ni mo gbà.

Mo ti sọ fún ọmọ abẹ́ máńgòrò pé kó pàdé mi nídìí dírọ́ọ̀mù láago méje àárọ̀ ọ̀la. Kó má mú lógbúùkù wá.